Òkè Kì Í Yí Padà, Yìnyín Ló Ń Yí: Ohun Tí Ìrìn Òkè Nígbà Òtútù Kọ́ Mi

Láàárín wákàtí mélòó kan, yìnyín orí òkè lè di ohun mìíràn. Afẹ́fẹ́ á gbé e níbì kan lọ kó jọ síbòmíràn, oòrùn á rọ̀ ọ́, òtútù òru á sọ ọ́ di líle, tuntun á tún rọ̀ lé e. Òkè tó wà lábẹ́ rẹ̀ kì í yí padà. Bó ṣe dagun tó lónìí náà ló ṣe máa dagun tó lọ́dún tó ń bọ̀. Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí ti wọ̀ mí lára ni ìrìn mi lórí òkè nígbà òtútù ti yàtọ̀. Kí n tó béèrè bóyá yìnyín dára tàbí ó lè wó bò mí, ohun tí wọ́n ń pè ní avalanche, mo ti bi ara mi pé: ibo ni mo fẹ́ gbé ẹsẹ̀ lé, báwo ló ṣe dagun tó, kí ló sì wà lókè orí mi?

Síkì, pátákó gígùn tóóró méjì tí à ń dè mọ́ bàtà, ni mo fi ń rìn. Màá lẹ awọ mọ́ abẹ́ rẹ̀ kó lè gòkè láìyọ̀ sẹ́yìn, tí mo bá dé òkè màá ṣí awọ náà kúrò, màá sì sọ̀ kalẹ̀. Ìwọ̀-oòrùn Kánádà ni mo ti ń rìn jù, láàárín àwọn òkè Rockies àti Selkirk. Kì í ṣe ibi ìgbafẹ́ tí wọ́n fi okùn pààlà sí, tí àwọn òṣìṣẹ́ ti yẹ yìnyín rẹ̀ wò kí ilẹ̀ tó mọ́, ni mò ń sọ. Ẹ̀yìn òkè ni, níbi tí kò sí ẹ̀ṣọ́ kankan. Bí yìnyín bá wó bo ẹnìkan níbẹ̀, àwọn tí wọ́n jọ jáde ni yóò gbà á, nítorí pé kí hẹlikópítà tó dé, ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ ti bọ́ sórí.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ariwo ló ń fa avalanche, pé béèyàn bá kígbe, yìnyín ẹ̀gbẹ́ òkè á ya wá sílẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwúwo ni. Nínú nǹkan bí 9 nínú gbogbo jàǹbá 10 tó ń kan àwọn arìnkè, ẹni tó kó sí i fúnra rẹ̀ tàbí ẹni tí wọ́n jọ lọ ló fi ìwúwo ara rẹ̀ já yìnyín náà. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ẹ̀rù bà mí. Nígbà tí mo tún rò ó, ó fọkàn mi balẹ̀ díẹ̀, torí ó túmọ̀ sí pé púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà wà lọ́wọ́ ẹni tó ń yan ọ̀nà.

Yìnyín tó wà lórí òkè kì í ṣe ohun kan ṣoṣo láti ojú rẹ̀ dé ilẹ̀. Ìpele lórí ìpele ni, ìjì kọ̀ọ̀kan ló ń fi tirẹ̀ sílẹ̀. Èyí tó ń pani jù ni kí ìpele tó le, tó sì so pọ̀, jókòó lé ìpele hẹ́gẹhẹ̀gẹ kan. Bí ẹsẹ̀ bá fọ́ ìpele ìsàlẹ̀ yẹn níbì kan ṣoṣo, ìfọ́ náà á sáré lọ lábẹ́ yìnyín, èyí tó wà lókè á já lẹ́ẹ̀kan náà, á sì gbé gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó já a fi sábà máa ń wà láàárín rẹ̀ gan-an. Nígbà mìíràn pàápàá, ẹni tó wà nísàlẹ̀ ní pẹrẹsẹ lè já èyí tó wà lókè orí rẹ̀ láìfi ẹsẹ̀ kan ibẹ̀, nítorí pé ìpele hẹ́gẹhẹ̀gẹ náà kan náà ló so ibi méjèèjì pọ̀.

Oríṣi méjì nínú ìpele burúkú yìí ni mo máa ń bá pàdé jù. Èkíní ni ìrì tó dì sójú yìnyín lóru tí ojú ọ̀run mọ́ tónítóní, tí afẹ́fẹ́ ò sì fẹ́. Ó rẹwà púpọ̀, ó ń dán yanranyanran láàárọ̀. Ṣùgbọ́n bí yìnyín tuntun bá bò ó kí oòrùn tàbí afẹ́fẹ́ tó bà á jẹ́, abẹ́ ibẹ̀ ló máa wà fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ láìdì mọ́ ohunkóhun. Èkejì ń ti ìsàlẹ̀ wá. Ní Rockies, yìnyín kì í sábà nípọn, òtútù ibẹ̀ sì ń mú gidi. Ilẹ̀ tó wà lábẹ́ yìnyín kì í jìnnà sí dígírì 0, nígbà tí ojú yìnyín lókè lè tutù dé dígírì 20 sísàlẹ̀ òdo. Ìyàtọ̀ yẹn ló ń mú ọ̀rinrin gòkè láti ara hóró kan lọ sára òmíràn, títí àwọn hóró náà á fi tóbi, tí wọ́n á yọ igun, tí wọn ò sì ní lẹ̀ mọ́ra mọ́. Bí mo bá bù ú sọ́wọ́, á ṣàn láàárín ìka mi bíi ṣúgà. Irú èyí lè wà níbẹ̀ láti oṣù November títí di ìgbà ìrúwé, kí ẹni tó ń rìn lórí rẹ̀ má sì rí nǹkan kan.

Kò sí bí ojú ṣe lè rí ohun tó wà lábẹ́ mítà kan yìnyín. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, ojú lè rí i. Láàárín dígírì 30 sí 45 ni èyí tó pọ̀ jù nínú irú yìnyín yìí ti ń já. Ibi tí kò dagun tó bẹ́ẹ̀ kì í sábà jẹ́ kó yọ̀ lọ; ibi tó dagun jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì kì í jẹ́ kó kó jọ. Wàhálà ibẹ̀ ni pé láàárín 35 sí 38 gan-an ló dùn jù láti fi síkì sọ̀ kalẹ̀. Ohun tó wù wá àti ohun tó lè pa wá, ibì kan náà ni wọ́n ń gbé. N kì í sì fi ojú lásán díwọ̀n rẹ̀, torí ojú máa ń tan ni, pàápàá téèyàn bá dúró nísàlẹ̀ tó ń wòkè. Ìwọ̀n kékeré tó wà lára kọ́ńpáàsì ni mò ń lò, tàbí ti fóònù, mo sì ń wo àwòrán ilẹ̀ tí wọ́n ti fi àwọ̀ ya gbogbo ibi tó ju dígírì 30 lọ sọ́tọ̀. Nínú ilé tó móoru ni mo ti ń ṣe èyí, lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Lórí òkè, òtútù á ti mú ọwọ́, ọkàn á sì ti máa fà sí ìsọ̀kalẹ̀. Kì í ṣe ìgbà yẹn ló yẹ kéèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ronú.

Bí òní ṣe rí, ọ̀la ò rí bẹ́ẹ̀, ló ń mú babaláwo dífá ọrọọrún. Ti yìnyín kò tiẹ̀ gbọdọ̀ dúró dọrún, ojoojúmọ́ ni. Ní apá ibi tí mo wà, Avalanche Canada tí ọ́fíìsì wọn wà ní ìlú Revelstoke ló ń gbé ìkéde ewu jáde nígbà òtútù, Parks Canada, àjọ tó ń bójú tó àwọn ọgbà ìjọba, sì ń ṣe tirẹ̀ fún ọgbà Glacier. Ní Swítsálándì, ilé ìwádìí SLF tó wà ní Davos ló ń ṣe é. Nọ́ńbà 1 dé 5 ni gbogbo wọn ń lò. Ní Kánádà wọ́n á tún pín òkè sí mẹ́ta: òkè téńté tí igi kì í hù, ibi tí igi ti ń tán lọ, àti inú igbó nísàlẹ̀. Nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè yàtọ̀ síra lọ́jọ́ kan náà.

Nọ́ńbà 3 ni mo ń bẹ̀rù jù. Bí wọ́n bá kéde 4 tàbí 5, ọ̀pọ̀ ènìyàn á jókòó sílé. Bí wọ́n bá kéde 3, ojú ọjọ́ lè ti là, ìjì ti kọjá, yìnyín tuntun ti bo gbogbo igi, oòrùn sì ti yọ. Èèyàn á ní, “Ṣebí àárín 1 àti 5 ni 3 wà.” Ewu náà kì í gun àkàbà bẹ́ẹ̀. Bí nọ́ńbà kan ṣe ń kún òmíràn, ewu ń fò sókè ni. Ọjọ́ nọ́ńbà 3 ni ikú ti ń pọ̀ jù. Nítorí náà n kì í dúró lórí nọ́ńbà nìkan. Màá ka gbogbo àlàyé tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀: ẹ̀gbẹ́ òkè wo ló burú, gíga wo, ṣé afẹ́fẹ́ ló kó o jọ, àbí ìpele àtijọ́ kan ló ṣì sùn sábẹ́? Èyí tí afẹ́fẹ́ kó jọ sábà máa ń fara balẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Èyí tó sùn sábẹ́ kò láájò. Ọ̀sẹ̀ lè gorí ọ̀sẹ̀, kó ṣì máa dúró de ẹni tó máa tẹ ibi tó fẹ́lẹ́ jù lára rẹ̀.

Lọ́jọ́ irú nọ́ńbà 3 kan, à ń gba pápá pẹrẹsẹ kan kọjá láàárín igi ní Selkirk. Ìkéde ti sọ ọ́ pé ìrì dídì kan wà lábẹ́ yìnyín ní ẹ̀gbẹ́ àríwá àti ìlà-oòrùn. Mo gbé ẹsẹ̀, mo sì gbọ́ ọ lábẹ́ mi: wùúmù! Gbogbo ilẹ̀ rọ̀ sísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, igi kékeré tó wà níwájú mì, yìnyín orí ẹ̀ka rẹ̀ sì já bọ́. Pẹrẹsẹ ni ibẹ̀, kò síbi tí yìnyín máa yọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ìró yẹn ni ìró ìpele tó fọ́, kò sì sí kòtò àyẹ̀wò téèyàn lè gbẹ́ sínú yìnyín tó máa sọ̀rọ̀ ketekete jù ú lọ. Àwọn àmì mìíràn tó jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ni: ìlà tó là lójú yìnyín tó sì sá lọ níwájú síkì, ibi tí yìnyín ti já láàárín ọjọ́ kan sí méjì, yìnyín púpọ̀ tó rọ̀ láàárín wákàtí 24, afẹ́fẹ́ tó ń gbé yìnyín kọjá góńgó òkè, ìmóoru òjijì. Lórí ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́, ó lè kó yìnyín jọ sí ẹ̀gbẹ́ tó fi ẹ̀yìn sí i ní ìlọ́po 10 bí òjò yìnyín lásán ṣe lè ṣe é. Òjò lè ti dá, kí òkè ṣì máa di ẹrù kún ẹrù.

A ò jiyàn lọ́jọ́ náà. A ti yan ọ̀nà kejì sílẹ̀ láti ilé, inú igbó tó ṣú tí kò ju dígírì 25 lọ, òun la gbà. Òkè tí a fi sílẹ̀ kò já. Nígbà tí a tún padà gba ibẹ̀ kọjá lọ́jọ́ kejì, ipa síkì àwọn mìíràn wà lórí rẹ̀ gbọọrọ, ó lẹ́wà lójú.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ ipa síkì yẹn jù bí mo ṣe ro ìró ọ̀hún lọ. Òkè kì í dá èèyàn lóhùn bó ṣe yẹ. Bí ẹnìkan bá kọjá lórí ibi tó burú tó sì délé láyọ̀, á máa rò pé òun gbọ́n. Bí ẹlòmíràn bá ṣẹ́rí padà, kò ní mọ̀ láéláé bóyá òkè náà ì bá já tàbí kò ní í já. Nínú iṣẹ́ mìíràn, ìrírí ọlọ́jọ́ pípẹ́ máa ń tọ́ni sọ́nà. Níbi yìí, ó lè kọ́ni ní ẹ̀kọ́ tó wọ́ láti ọdún dé ọdún, kó sì jẹ́ pé ọjọ́ kan ṣoṣo ni yóò tún un ṣe. Ohun tí mo wá ń bi ara mi lẹ́yìn ìrìn kọ̀ọ̀kan kì í ṣe “Ṣé a délé?” bí kò ṣe “Ká ní ó já nígbà tí a wà níbẹ̀, kí ló máa ṣẹlẹ̀ sí wa?”

Ìdí kan náà nìyẹn tí n kì í fi gbára lé kòtò yìnyín jù. Mo ń gbẹ́ ẹ, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. A máa gé òpó yìnyín kan tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 90, tó nípọn tó 30, a óò fi ọwọ́ lù ú lórí ní ẹ̀gbẹ́ kan: ìgbà 10 láti ọrùn ọwọ́, 10 láti ìgúnpá, 10 láti èjìká, ká lè mọ̀ bóyá ìfọ́ máa sá já gbogbo òpó náà. Bó bá sá já, ọ̀rọ̀ tán, a óò lọ síbòmíràn. Bí kò bá sá já, ibi tí a gbẹ́ yẹn nìkan ló sọ̀rọ̀. Mítà 20 sí ibẹ̀, ọ̀rọ̀ lè yàtọ̀. Kòtò lè sọ fún mi pé kí n má lọ. N kì í jẹ́ kó sọ fún mi pé kí n máa lọ.

Rogers Pass, ọ̀nà tó la àárín òkè kọjá nínú ọgbà Glacier, ló kọ́ mi láti máa wòkè. Ní oṣù March ọdún 1910, àwọn òṣìṣẹ́ ojú irin ń kó yìnyín tó ti wó kúrò lójú ọ̀nà níbẹ̀ lóru, ni òmíràn bá tún wá láti òkè òdìkejì, ó sì pa ẹni 58. Títí di òní, àwọn ọmọ ogun Kánádà ń yìnbọn ńlá lu àwọn òkè ibẹ̀ nígbà òtútù kí yìnyín lè já nígbà tí wọ́n ti dá ọkọ̀ dúró. Èyí ló fà á tí wọ́n fi ń ti àwọn apá kan nínú ọgbà náà, tí ẹni tó fẹ́ wọ ibẹ̀ sì gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù February ọdún 2003, àwọn ọmọ ilé ìwé kan pẹ̀lú àwọn tó ń darí wọn ń fi síkì rìn nísàlẹ̀ àfonífojì Connaught Creek ní Rogers Pass yìí kan náà. Kì í ṣe orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni wọ́n wà. Yìnyín já láti ara òkè Cheops, ó sì wá bá wọn nísàlẹ̀. Àwọn ọmọ méje kú. Àwọn méjì tí wọ́n wà lókè nítòsí rí i, wọ́n kígbe, wọ́n sì sáré wá láti máa wú wọn jáde. Àwọn tó yè kò ní gbàgbé wọn. Lẹ́yìn ìyẹn ni Parks Canada gbé ètò kan kalẹ̀ ní 2004 tó pín ọ̀nà orí òkè sí mẹ́ta nígbà náà, láti èyí tó rọrùn dé èyí tó díjú, láìka bí yìnyín ṣe rí lọ́jọ́ náà sí. Mo máa ń wo ìpín yẹn kí n tó wo ohunkóhun. Èyí tó díjú, n kì í lọ síbẹ̀ nígbà tí ìpele burúkú bá wà lábẹ́, bó ti wù kí ojú ọjọ́ dára tó.

Nígbà kan tí a dúró jẹun, ẹni tó kéré jù nínú ẹgbẹ́ wa ní ìmọ̀, tí kò tíì pẹ́ tó dara pọ̀ mọ́ wa, rọra béèrè pé, “Ẹ jọ̀ọ́, kí ló wà lókè ibi tí a jókòó sí yìí?” Gbogbo wa gbójú sókè. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ ju igi tó ṣú lọ, ibẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n inú mi dùn sí ìbéèrè náà ju ohun gbogbo lọ lọ́jọ́ yẹn. Láti ìgbà náà, ẹni tó kéré jù ní ìmọ̀ ló ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nígbà tí a bá fẹ́ pinnu, kí ọ̀rọ̀ àwọn tó ti pẹ́ má baà pa tirẹ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Bí ẹnìkan ṣoṣo bá ní kò tẹ́ òun lọ́rùn, a óò ṣẹ́rí padà. A kì í béèrè pé kó ṣàlàyé.

Ó nídìí. Ian McCammon, olùwádìí ará Amẹ́ríkà, kó ìròyìn jàǹbá 715 tó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà láàárín 1972 sí 2003 jọ, ó sì yẹ̀ wọ́n wò. Ohun tó ń ṣi àwọn ènìyàn lọ́nà kì í ṣe àìmọ̀kan nìkan. Ibi tó ti mọ́ni lára wà níbẹ̀. Ìpinnu láti parí ohun téèyàn ti bẹ̀rẹ̀, ìgbẹ́kẹ̀lé nínú ẹni tó dà bí ọ̀gá, àti àwọn ẹlòmíràn tó wà nítòsí náà wà níbẹ̀, pẹ̀lú ìfẹ́ láti kọ́kọ́ tẹ yìnyín tẹ́nìkan ò tíì tẹ̀. Àwọn tó mọ̀ nípa yìnyín pàápàá kó sí i.

Bí a bá gbọ́dọ̀ kọjá ibi tó léwu, ẹnìkan lẹ́ẹ̀kan ni, àwọn yòókù á dúró síbi tí yìnyín kò lè dé, ojú wọn á sì wà lára ẹni tó ń lọ títí yóò fi dé ibi ààbò. Mo tún máa ń wo ohun tó wà nísàlẹ̀: ògiri àpáta, igi ńlá, tàbí kòtò tóóró tí yìnyín díẹ̀ lè kún bo èèyàn. Ní Kánádà, nǹkan bí ìdá mẹ́rin kan nínú àwọn tí yìnyín ń pa ló jẹ́ pé gbígbá mọ́ igi tàbí àpáta ló pa wọ́n. Kò sí ẹ̀rọ kankan tó lè gba àwọn wọ̀nyẹn.

Nípa ẹ̀rọ, ohun mẹ́ta ni ẹnikẹ́ni tó bá wa jáde gbọ́dọ̀ ní: transceiver (ẹ̀rọ kékeré tó ń tan àmì jáde, tó sì lè gbọ́ àmì ti ẹlòmíràn) tó wà lára rẹ̀, tí kò sí nínú báàgì, ọ̀pá gígùn tó ṣeé ká tí a fi ń gún yìnyín wò, àti ṣọ́bìrì onírin. Transceiver gbogbo ilé-iṣẹ́ ń sọ̀rọ̀ lórí 457 kHz, nítorí náà ti ẹnìkan lè gbọ́ ti ẹlòmíràn. Fóònù máa ń dà á láàmú. Ó kéré tán sẹ̀ǹtímítà 20 la fi ń jìnnà sí i nígbà tó bá ń tan àmì, 50 nígbà tó bá ń wá ẹni tó sọnù. Ìwádìí tí wọ́n ṣe lórí jàǹbá Swítsálándì, tó jáde ní 2024, fi hàn pé tí wọ́n bá yọ ẹni tí yìnyín bò pátápátá jáde láàárín ìṣẹ́jú 10, nǹkan bí 9 nínú 10 ló ń yè. Tó bá di ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kò ju nǹkan bí 3 lọ mọ́.

Ohun tí àwọn tuntun kì í retí ni pé wíwú ló ń jẹ àkókò jù. Yìnyín tó ti wó kì í ṣe lẹ́búlẹ́bú mọ́. Bó ṣe dúró báyìí ló le gbagidi. Ẹ wá ẹni náà pẹ̀lú ẹ̀rọ, ẹ gún ọ̀pá yíká ibi tí àmì ti le jù, kí àlàfo wọn jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 25, tí ọ̀pá bá kàn án, ẹ má fà á yọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wú láti ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ wọlé sí i, ẹ má ṣe wú u ní tààrà láti òkè, nítorí ẹ lè tẹ àyè èémí rẹ̀ pa. Ẹnìkan á gé e níwájú, àwọn tó tẹ̀ lé e á máa fà á sẹ́yìn, wọ́n á sì máa gba ipò lọ́wọ́ ara wọn kí ó tó rẹ ẹni iwájú. Orí àti àyà ni ẹ kọ́kọ́ gbọ́dọ̀ yọ, kí ẹ sì la ọ̀nà èémí.

Nígbà ìrúwé, ọ̀rọ̀ yí padà. Òtútù òru ló ń di yìnyín mú, oòrùn ọ̀sán ló ń tú u. A máa ń jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, ká sì ti kúrò lábẹ́ ẹ̀gbẹ́ tí oòrùn ń ràn sí kí yìnyín tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ dé kókósẹ̀. Tí òru bá móoru, tí ohunkóhun ò dì, a ò lọ rárá.

Sí ẹni tó bá ń ronú láti bẹ̀rẹ̀: ẹ kọ́ ọ lọ́dọ̀ àwọn tó ń kọ́ni, ẹ má ṣe kọ́ ọ lẹ́yìn ọ̀rẹ́ nìkan. Ní Kánádà, AST 1 (Avalanche Skills Training) ni wọ́n ń pe ẹ̀kọ́ ti ìbẹ̀rẹ̀, ọjọ́ méjì ni ó kéré tán, wọ́n á kọ́ yín nínú yàrá, wọ́n á sì mú yín lọ sórí òkè. Ẹ lọ pẹ̀lú àwọn tí ẹ jọ ń jáde, torí ìmọ̀ tó wà lórí wọn ló máa yọ yín jáde, tiyín ló máa yọ wọ́n. Àwa ṣì ń pàdé ní ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà òtútù kọ̀ọ̀kan láti bo ẹ̀rọ kan mọ́lẹ̀ nínú àpò, ká wá a, ká sì wú u. Láàárọ̀ gbogbo ìrìn, níbi tí a gbé ọkọ̀ sí, a máa ń to ara wa, ẹnìkọ̀ọ̀kan á sì kọjá níwájú ẹni tó ń gbọ́ àmì. Ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ kò bá dún, tí bátìrì tuntun ò sì tún un ṣe, kò ní bá wa lọ lọ́jọ́ náà.